Òbúkọ Ìjẹ́wọ́

Èmi kì í jẹ ẹran òbúkọ. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbà pé èèwọ̀ ni, bóyá nítorí oògùn kan tí mo lò nígbà èwe. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ kìlọ̀ fún ìyàwó rẹ̀ pé kó má ṣe fi ìkòkò tí wọ́n fi se òbúkọ dáná fún mi, kí ara mi má baà wú. Mo jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá ní èèwọ̀, wọ́n á bọ̀wọ̀ fún un. Bó bá ní nǹkan ń rí òun lára, wọ́n á ní ó ń ṣe fáàrí. Ṣùgbọ́n ìríra ni, kì í ṣe èèwọ̀. Ìyá wọn ti fún mi láyè báyìí pé kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí. Ó ní òun ti dàgbà kọjá ẹni tí wọ́n lè bi léèrè ohunkóhun.

Nígbà tí mò ń wí yìí, òmìnira Dahomey ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Àsíá tuntun ṣì ń dán lẹ́nu ọ́fíìsì ìjọba, aṣọ́bodè tuntun sì ti dé sí Igólò, ní ibodè àwa àti Nàìjíríà, ọmọ dúdú bíi tiwa, tí ìkanra rẹ̀ ju ti òyìnbó tí òun gbapò lọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Èmi ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Ìfọ̀nyìn wa yìí, tí àwọn Faransé ń kọ ní Ifangni. Mo lọ sílé ìwé díẹ̀, ìyẹn ni pé mo lè ka Faransé ara ògiri, ṣùgbọ́n ti inú ìwé máa ń sá fún mi. N kò tíì gbéyàwó. Inú agbolé bàbá wa ni mò ń gbé pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Bàbá kan náà ló bí wa, ìyá wa ni kò papọ̀. Bàbá ti kú, ìyá mi náà ti kú, nítorí náà ìyá ẹ̀gbọ́n mi ló ń pàṣẹ nínú ilé. Ìyá Àgbà ni gbogbo wa ń pè é.

Daagbé ni ẹ̀gbọ́n mi ti fẹ́ ìyàwó. Ọmọge náà fẹ́ràn ẹ̀rín ju oúnjẹ lọ. Kò gbọdọ̀ pe orúkọ mi, nítorí nílé wa, gbogbo ẹni tí ìyàwó bá bá nínú ilé, ọkọ rẹ̀ ni, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́ tó ń mu ọmú. Nítorí náà ó wá orúkọ fún mi, ó ní “Akọ̀wé”. Ó mọ̀ dájú pé kò sí ohun tí mò ń kọ ju nọ́ńbà táyà lọ. Bí mo bá dé láti ibi iṣẹ́, á kúnlẹ̀, á ní, “Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ ìwé o,” á sì máa wo ọwọ́ mi tó dúdú fún gíríìsì. Ẹ̀rín á pa wá.

Oyún ló pa ẹ̀rín náà. Kì í ṣe oyún gan-an o, àwọn tó yí oyún ká ni. Látìgbà tí ikùn rẹ̀ ti yọ, kò sí ẹni tó kọjá lágbàlá tí kò ní òfin tirẹ̀. Kò gbọdọ̀ rìn lọ́sàn-án gangan. Kò gbọdọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí ọmọ má baà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò gbọdọ̀ fi ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín, kí ọmọ má baà jọ onítọ̀hún. Àǹtí wa kan, tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kì í bọ̀ láti ọjà láìgbé ìtàn obìnrin tó kú sórí ìkúnlẹ̀ bọ̀. Á jókòó tì í, á sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe dà, á sọ bí ojú olóògbé ṣe rí, á wá ní, “Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó jẹ́ tìẹ,” á sì ní kó fún òun lómi mu. Ìtàn òkú ni wọ́n ń fi bọ́ ọmọbìnrin yẹn bí ẹni ń fi ẹ̀kọ bọ́ ọmọ.

Èyí tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti ìjẹ́wọ́. Nílé wa, bí ìrọbí bá pẹ́, ìdí kan ṣoṣo ló ní: obìnrin náà ti mọ ọkùnrin mìíràn, ọmọ ò sì ní kọjá lórí irọ́. Ó gbọ́dọ̀ dárúkọ ọkùnrin náà kí ọ̀nà tó là. Nítorí náà, láti ìgbà tí ikùn rẹ̀ ṣì kéré ni wọ́n ti ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ìyá Àgbà á máa ṣa ẹ̀fọ́, á ní, “Ìyàwó, ṣé inú ẹ mọ́?” Àwọn tó kù á rẹ́rìn-ín. Ìyàwó náà á rẹ́rìn-ín tẹ̀lé wọn ní àkọ́kọ́. Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀gbẹ́ ògiri rìn bí ẹni tí ọlọ́pàá ń wá. Ọjọ́ kan ló bi mí bóyá mo rò pé ènìyàn lè ṣẹ̀ lójú àlá, kí wọ́n sì kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Mo sọ fún un pé bó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, èmi ti jẹ gbogbo ẹran ọjà Igólò láìsanwó. Kò rẹ́rìn-ín.

Mo gbọ́dọ̀ ya bàrá díẹ̀ síbí, nítorí láìsí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Igólò, n kì bá tí mọ ohun tí mo mọ̀.

Ìdí-Ìrókò ni mo ti máa ń ra rọ́bà inú táyà, n kì í sì í fẹ́ san owó ibodè lórí rẹ̀. Mo máa ń wé e mọ́ ikùn, màá wọ dàńṣíkí ńlá lé e. Lọ́jọ́ náà, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí kí n tó dé ibodè, aṣọ́bodè tuntun yẹn sì dá mi dúró. Ó wo ikùn mi, ó bi mí pé oṣù mélòó ni. Àwọn aláàárù tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín títí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n lọ tọ̀ ná. Ó ní kí n tọ̀ síbẹ̀, lójú òun. Mo kọjú sí ìdí igi, òun dúró lẹ́yìn mi, àwọn aláàárù yí wa ká, gbogbo wọn ń wò. Ẹ gbà mí gbọ́, kò jáde. Ìtọ̀ tó fẹ́ẹ̀ bẹ́ àpò mi láti àárọ̀, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Mo tiraka, mo rọra bẹ ara mi, òógùn bò mí, kò sí nǹkan kan. Wọ́n ní irọ́ ni mò ń pa. Bí ọkọ̀ akẹ́rù kan ṣe fun fèrè báyìí, tí gbogbo wọn kọjú síbẹ̀, ni ó tú, ó sì dà sórí ẹsẹ̀ mi méjèèjì. Aṣọ́bodè rẹ́rìn-ín débi pé ó ní kí n máa lọ, mo sì tẹ kẹ̀kẹ́ lọ pẹ̀lú bàtà tútù. Mo ṣe ara mi ní ẹ̀sín títí mo fi délé, ṣùgbọ́n mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan: ara kì í ṣe ìránṣẹ́ ẹni. Bí ojú bá pọ̀ lára rẹ̀, tí ẹ̀rù sì bà á, á padé.

Ìrọbí mú ìyàwó wa ní àfẹ̀mọ́júmọ́, lásìkò tí gbogbo ilé ń se ẹyìn, tí àgbàlá ń rùn fún epo àti èéfín. Ọjọ́ yẹn lọ, ọmọ kò dé. Ní ọjọ́ kejì, oòrùn ti kan orí, kò sì tíì dé. Ohùn rẹ̀ ti há. Nínú yàrá yẹn, mi ò lè sọ iye ènìyàn tó wà níbẹ̀. Ìyá Àgbà wà níbẹ̀. Àǹtí tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mú omi àdúrà dání. Ìyàwó bàbá wa kan tó ń kírun mú omi hàǹtú wá, omi tí wọ́n fi fọ wàláà. Aládùúgbò wà níbẹ̀, ọmọ aládùúgbò wà níbẹ̀. Àwọn tí kì í bára wọn ṣe àdúrà ní ibi kan náà, ohùn wọn ti ṣọ̀kan: kó dárúkọ rẹ̀.

Wọ́n rán mi ní omi. Bí mo ṣe gbé garawa dé ẹnu ọ̀nà, mo rí inú yàrá. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó di òpó mú, ojú gbogbo wọn sì wà lára rẹ̀. Obìnrin kan ń jẹ ẹ̀pà sísun, ó ń fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù, èèpo sì ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ tó ń làágùn. Òmíràn ń rún orín, ó ń tutọ́ sínú agolo eérú. Ìyá Àgbà fi ìka gún un léjìká, kò pariwo, ó rọra ń sọ ọ́ bí ẹni ń tu ọmọ nínú: “Ta ni? Ta ni? Sọ ọ́, kó o rí ìsinmi.” Mo rántí ìdí igi Igólò. Mo ní nínú ara mi pé àwọn yìí ni wọ́n ti ilẹ̀kùn, àwọn náà ni wọ́n tún jókòó tí wọ́n ń bi í pé kí ló dé tí kò ṣí.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó lábẹ́ ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ń pa èkùrọ́. Òkúta kan nísàlẹ̀, òkúta kan lọ́wọ́. Bí ìyàwó rẹ̀ bá kígbe, á dúró díẹ̀, á tún pa òmíràn. Mo ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ nípa ilé ìbímọ ìjọba tó wà ní Ìṣàkẹ́tẹ́, tí à ń pè ní matẹnité, ó sì ti bi mí pé kí ni obìnrin oníbàtà tó ń gbẹ̀bí níbẹ̀ mọ̀ tí ìyá òun kò mọ̀. Mo tún lọ bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n lọ wá mọ́tò ní Igólò. Á kú o.”

Kò gbójú sókè. Ó ní, “Jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ ohun tó ń dì mọ́ra.”

Ó sì pa èkùrọ́ tó kàn.

Bí mo bá jẹ́ ọkùnrin tó láyà, ibẹ̀ ni ǹ bá ti gba òkúta lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi lọ jókòó sídìí kẹ̀kẹ́ oníkẹ̀kẹ́ kan tí mo gbé wálé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ táyà tí kò jò. Ibẹ̀ ni mo wà tí ohùn gbogbo fi dákẹ́ nínú yàrá. Mo rò pé ó ti kú. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ọ, ohùn tó há yẹn, ó ní:

“Akọ̀wé ni.”

Wọ́n tú jáde. Bí ẹ bá ti rí ìgbà tí ẹnì kan fi ẹsẹ̀ tẹ ilé ìjàlọ, ẹ mọ bí wọ́n ṣe jáde. Ẹlẹ́pà, olórín, olómi àdúrà, olómi hàǹtú, kò sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n ròyìn ojú mi fún òun. Wọ́n yí mi ká, Ìyá Àgbà na ìka kan náà sí mi. Ó bi mí bóyá mo gbọ́. Mo la ẹnu láti sọ pé irọ́ ni. Kò jáde. Gẹ́gẹ́ bó ti rí ní Igólò gẹ́lẹ́, àfi pé ilẹ̀kùn òkè ló tì lọ́tẹ̀ yìí. Ẹnu mi ṣí, eṣinṣin kan fẹ́ẹ̀ wọlé. Aládùúgbò kan ní, “Ẹ wo ẹnu rẹ̀, ó ti jẹ́wọ́.” Òmíràn ní òun ti fura tipẹ́, nítorí èmi ni mò ń bá a pọn omi. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì mú òkúta dání, ó ń wò mí.

Àṣà ní kí wọ́n fọ okùn ṣòkòtò ọkùnrin tí wọ́n dárúkọ sínú omi, kí aláboyún mu ún. Ṣòkòtò tí mo wọ̀ lọ́jọ́ náà ni mo ti fi ṣiṣẹ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Wọn kò jẹ́ kí n wọlé. Àgbàlá níbẹ̀ ni mo ti fa okùn náà yọ, mo fi ọwọ́ kan di ìbàdí mú kí ṣòkòtò má baà já sílẹ̀. Wọ́n rì í sínú igbá, wọ́n fún un, wọ́n tún un fún. Omi náà dúdú, gíríìsì léfòó lórí rẹ̀, ó ń yọ pupa àti àwọ̀ aró nínú oòrùn. Àǹtí wa ti ìka bọ̀ ọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó mi orí bí ẹni tó tọ́ ọbẹ̀ wò, ó ní ó ti tó. Mo ronú pé ohun tó ti ń ṣàn láàárín ẹsẹ̀ mi fún ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fẹ́ gbé fún obìnrin tó ń kú lọ.

Ibi tí wọ́n ti ń jiyàn ẹni tó yẹ kó gbé igbá náà wọlé ni a ti gbọ́ ẹkún ọmọ.

Ènìyàn kan ṣoṣo ló kù nínú yàrá, àgbàlagbà ìyàwó bàbá wa kan tí etí rẹ̀ ti di. Kò gbọ́ orúkọ tí wọ́n dá, nítorí náà kò rí ìdí tí òun fi máa jáde. Ó jókòó síbi tó wà, ó ń fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn ọmọbìnrin náà, bó ti ń ṣe láti àárọ̀, láìbi í ní nǹkan kan. Òun ló gba ọmọ. Ọkùnrin ni.

Kò sí ẹni tó ronú nípa yàrá tó ṣófo. Gbogbo wọn gbà pé ìjẹ́wọ́ ló là á, pé agbára rẹ̀ pọ̀ débi pé kò dúró de omi okùn. Mo wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn kú iṣẹ́.

Wọ́n dá ẹjọ́ náà nínú ilé. Alàgbà ilé ní bó bá jẹ́ ará ìta ni, ọ̀rọ̀ á di ti àdá, ṣùgbọ́n ọkọ kékeré ló bu nínú àwo ọkọ ńlá, ọmọ kò sì jáde kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ bàbá wa. Kí n mú òbúkọ wá, kí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jẹ ẹ́ nínú àwo kan náà, ó parí. Mo mú òbúkọ wá. Èyí tí mo rí rà, akọ tí wọn kò tẹ̀ lọ́dàá ni, tó ti tọ̀ sí irùngbọ̀n ara rẹ̀ láti àná. Ìyá Àgbà ló sè é. Kò sí ata tó bo òórùn yẹn. Gbogbo àwọn tó wà ní yàrá ló wá jẹ nínú rẹ̀, wọ́n ń fa eegun mu, wọ́n ń lá ọwọ́, ọ̀rá ń ṣàn dé ìgúnpá wọn. Ẹ̀gbọ́n mi mú òkèlè, ó fi ẹran sí i, ó jẹ. Mo mú tèmi. Mo gbé e mì, mo sì sáré lọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Wọ́n gbọ́ mi bí mo ṣe ń bì. Wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ ló ń jáde.

Nígbà tí ìyàwó náà lè rìn, ó pọn ọmọ wá sí ìdí iṣẹ́ mi. Ó kúnlẹ̀. Kò pe iṣẹ́ mi ní iṣẹ́ ìwé lọ́jọ́ náà.

“Akọ̀wé, ẹ dákun. Bí mo bá dárúkọ ará ìta, wọ́n á pa á. Bí n ò bá dárúkọ ẹnikẹ́ni, mo ti kú. Nínú gbogbo ọkọ tí mo ní nílé yẹn, ẹ̀yin nìkan ni mo mọ̀ pé ẹ̀rù ò ní jẹ́ kí ẹ lè sọ pé irọ́ ni.”

Ó dùn mí. Mo mú kọ́kọ́rọ́ tí mo fi ń tú nọ́ọ̀tì, mo gbé e sílẹ̀, mo tún mú un. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu mi, òun náà rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù pípẹ́. Ẹ̀rù tí mo ti ń tijú rẹ̀ láti kékeré ló fi ṣe àkàbà.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ló wá kù. Ó ń jẹ mí lọ́kàn. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, tí àwa méjèèjì ń bọ̀ láti oko, mo kó gbogbo àyà tí mo ní jọ, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, n kò mọ ìyàwó yín rí.”

Ó ní, “Mo mọ̀.”

Mo rò pé etí mi ni. Mo bi í pé láti ìgbà wo.

“Láti ọjọ́ náà. Ìwọ? Ìwọ tó ń sá fún adìyẹ tó ń sàba?”

“Ẹ mọ̀, ẹ sì jẹ òbúkọ náà?”

Ó gbé ẹrù rẹ̀ sí èjìká kejì. “Tóò, ìyá mi ló sè é,” ó ní.

Mo dúró sójú ọ̀nà, mo jẹ́ kó lọ síwájú. Òórùn yẹn padà sí imú mi níbẹ̀, láàárín koríko tútù, ibi tí kò sí òbúkọ kankan. Àwọn obìnrin yẹn gba ohun tí wọ́n ń ṣe gbọ́, ọ̀rọ̀ tiwọn sàn díẹ̀. Òun kò gbà á gbọ́. Ó mọ irú ẹni tí ìyàwó rẹ̀ jẹ́, ó sì jókòó, ó ń pa èkùrọ́, nítorí kò fẹ́ kí ìyá rẹ̀ bínú.

Ìyàwó náà tún lóyún. Kí ikùn tó yọ dáadáa ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá Àgbà ní kó má jẹ́ kó pẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, kó tètè sọ tirẹ̀. Gbogbo wa wà lágbàlá, ẹ̀gbọ́n mi wà lábẹ́ ọ̀ọ̀dẹ̀ pẹ̀lú èkùrọ́ rẹ̀. Ìyàwó náà ń fẹ́ gàrí, kò dúró. Ó ní, “Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Orúkọ tó wà lẹ́nu mi lọ́tẹ̀ yìí, ó pọ̀.”

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín. Òkúta ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè, n kò sì gbọ́ ìró èkùrọ́ mọ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo rí i bó ṣe ń wo ojú àwọn ọkùnrin ilé, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń yan ẹran lọ́jà.

Nígbà tí oṣù ìyàwó náà pé, kí ìrọbí tó mú un rárá, ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló wá bá mi ní ìdí iṣẹ́, ó ní kí n lọ bá òun wá mọ́tò ní Igólò. Ó kó ẹní, ó kó garawa, ó bá ìyàwó rẹ̀ wọ mọ́tò lọ sí Ìṣàkẹ́tẹ́. Ìyá Àgbà àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti gbé omi kaná. Wọ́n jókòó sínú yàrá yẹn, wọn kò rí ẹni tí wọ́n máa bi léèrè. Obìnrin oníbàtà ló gbẹ̀bí, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ẹbí síta, ọmọbìnrin sì dé wẹ́rẹ́. Láàárín ọdún díẹ̀, bí ọ̀rọ̀ ìyàwó wa ṣe ń tàn, ọkùnrin púpọ̀ ní Ìfọ̀nyìn ló ń fi mọ́tò gbé ìyàwó lọ. Wọ́n ní ọ̀làjú òmìnira ni. Mo mọ ojú ẹni tó ń bẹ̀rù nígbà tí mo bá rí i.

Ọjọ́ ìkómọ ọmọbìnrin náà, wọ́n pa òbúkọ. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ ara rẹ̀ gé itan fún mi. Ó ní, “Jẹ ẹ́, kò sí ẹjọ́ nínú eléyìí.” Mo dúpẹ́. Ìyàwó rẹ̀ kọjá lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé àwo ẹja kalẹ̀ níwájú mi. Mo jẹ ẹja. Itan náà ni mo jù sí ajá tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó wò mí, ó jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ òbúkọ ìjẹ́wọ́, kò sí ajá lágbàlá tí ǹ bá jù ú sí.